Sí Àbẹ̀kẹ́ ní Mówè, Kí Èsì Ìbàdàn Tó Dé

Ẹ̀yìn Ibùdó Rélùwéè,
Ifọ̀.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé níbi tí iṣẹ́ gbé ọ lọ. Ara mi le díẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ti rọjú. Ìyá rẹ wà, àwọn ará ilé kí ọ. Lẹ́tà tí o fi rán ìyá oníràìsì dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ Ajé, mo sì kà á sí ìyá rẹ létí bí mo ti máa ń ṣe.

O ní ẹ ti kọ ìdánwò Ìbàdàn tán, èsì ló kù. O ní oúnjẹ kì í wọlé sí ọ lẹ́nu mọ́, àti pé àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ ń sọ pé ìkánjú ló mú ọ, pé ó yẹ kí o ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan kí o tó máa wá ilé ẹ̀kọ́ gíga kiri. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n o wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé, "Bàámi, bí wọn ò bá mú mi, ẹ má retí mi nílé mọ́."

Ìyá rẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Bóyá eré lo fi ṣe. Bóyá inú tó ń bí ọ ló sọ ọ́, ìwọ kọ́. Àmọ́ ilé wa yìí kì í ṣe ilé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wọ̀ kó tún jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó láti kọ ìwé yìí. Mi ò kọ lẹ́tà gígùn sí ọmọ kankan rí. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo mọ̀, ìwé tí mo kà kò sì kọjá sítáńdáàdì mẹ́rin. Bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò, o ó fojú fò ó. Fara balẹ̀ kà á ṣá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Lásísì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ.

O mọ̀ pé Ìbàfò ló kú sí, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ, o sì mọ̀ pé ibà ló pa á. Ohun tí a sọ fún ọ nìyẹn nígbà tí a wá mú ọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Abẹ́òkúta. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí o ṣe máa di irun ara rẹ ni. Nígbà tí o sì dàgbà, ìyá rẹ ti bẹ gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Ìbàdàn létí òun. Nígbà tí o wá sọ fún wa pé ibẹ̀ lo fẹ́ lọ, tí ìyá rẹ yí ojú sí ògiri, o rò pé nítorí pé o jẹ́ obìnrin ni. Mo rí i lójú rẹ pé ohun tí o rò nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló rántí.

Lásísì lẹni àkọ́kọ́ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní agbo ilé wa. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí o bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sínú kó tó dá ọ lóhùn. Bí ó ti ń parí ni ó kọ ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn, ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ti ṣe yìí. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ráímì, dùn ju tèmi lọ. Kò dúró kí wọ́n fèsì. Ó ra àgbò, ó pe àwọn ààfáà, ó ṣe sàráà, ó ní òun ti rí dókítà ní ilé àwọn. Lásísì kúnlẹ̀ tì í, ó rọra sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n fèsì ná. Bàbá Ráímì ní ẹnu tó ti jẹ àdúà kì í pọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Ifọ̀ ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Dókítà. Àwọn ọmọ kéékèèké ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà ní etí rélùwéè ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é, á sọ orí kọ́.

Ní àkókò kan náà, oníṣòwò pákó kan ní ibùdó fẹ́ kó wá máa bá òun ṣe akọ̀wé. Iṣẹ́ gidi ni. Bàbá Ráímì ní dókítà kì í ka pákó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe jókòó láìṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń lọ sí pósófíìsì, lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bi í lójú ọ̀nà pé ṣé ó ti dé. Mo máa ń wò ó láti ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ó ń rù. Èmi náà ń rù pẹ̀lú rẹ̀, mi ò kàn jẹ́ kó hàn ni.

Nígbà tí èsì dé, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ gbà wá. Mò ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàámi, wọn ò mú mi."

Mo gbé ayùn sílẹ̀. Mo ní, "Kò burú. Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní òun kò tíì jẹun. A jọ wọlé, ìyá rẹ bu oúnjẹ fún wa, a jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ìyá rẹ sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ ọ́ gan-an kò burú tó bí o ṣe rò. Ọmọ wa wà lọ́dọ̀ wa, ó ń jẹun. Bí ayé bá dúró síbẹ̀ ni, òun náà ì bá ti bímọ báyìí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ bá wa láìdára. Bàbá Ráímì kò lè gbà á. Ẹni tó ti pa àgbò, tó ti sọ fún gbogbo ìlú, kò lè jáde kó ní ọmọ òun ni kò mọ ìṣirò. Ó ní láti wá ẹni tó ṣe é. O lè má rántí Ìyá Múnírù, opó tó ń hun ẹní nínú yàrá ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èsì dé, ó pàdé Lásísì lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í pé ṣé ìwé rẹ̀ ti dé. Ohun tí gbogbo ìlú ń bi í ni òun náà bi í. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: wọ́n ní òun ni. Wọ́n pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí obìnrin arúgbó náà wí ohun tó fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́. Lásísì wá dìde. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ìṣirò ni mi ò mọ̀. Mo rí i níwájú mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Múnírù kò sí nínú yàrá ìdánwò yẹn."

Wọ́n ní bí ẹni tí wọ́n ti di ojú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí Ìyá Múnírù fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Akute. Lásísì ló gbé ẹrù náà dé ìdí lọ́rì fún un. Kò sí ẹlòmíràn tó bá a gbé e. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ kò ti lè gbójú sókè nínú ilé yìí. Ó sọ fún mi pé òun lẹni tó kùnà, ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n pé òun kò lè máa kọjá lẹ́nu yàrá Ìyá Múnírù. Ó ní òun fẹ́ lọ bá àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ dáko ní Ìbàfò. Mo rò pé afẹ́fẹ́ oko á tù ú lára. Mo gbà fún un.

Ní Ìbàfò, kò gbé inú abúlé. Abà tó wà nínú oko lọ́hùn-ún ló ń sùn, nítorí pé àwọn tó bá ti Ifọ̀ wá tajà máa ń kí i ní Dókítà, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òjò ọdún náà pọ̀. Ibà mú un. Bùráímọ̀, àbúrò ìyá rẹ, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn gbé e sọdá odò Ògùn wá sílé. Ó ní rárá. Bùráímọ̀ ní kí àwọn ránṣẹ́ pè wá nígbà náà. Ó di ọwọ́ Bùráímọ̀ mú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ yá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí mi bí mo ṣe wà yìí."

Bùráímọ̀ dúró díẹ̀ nítorí ẹ̀bẹ̀ náà. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun, ó ránṣẹ́. Ìyá rẹ kò dúró kí ọkọ̀ ojú omi fara kan èbúté dáadáa kó tó bọ́ sínú omi, ó ń sáré. Kí a tó dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Inú aṣọ funfun ló bá ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ìyá rẹ kò fẹ́ gbọ́ nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ Ìbàdàn. Mo sì ti kọ ọ́ báyìí, ó ti tán.

Àbẹ̀kẹ́, èsì tí kò dára kọ́ ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ibà ló pa á, ìtìjú ló sì dínà mọ́ wa tí a kò fi tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀sín, mo sì ti rí ikú nínú ilé kan náà, láàárín òjò kan sí ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò dọ́gba. Ẹ̀sín wa kò ju ìgbà díẹ̀ lọ. Ọmọ ẹlòmíràn lóyún, wọ́n fi wá sílẹ̀ wọ́n gba ibẹ̀ lọ. Èkejì kò tíì kúrò. Ìyá Lásísì ni wọ́n ṣì ń pe ìyá rẹ ní ọjà, òun náà sì ń jẹ́ wọn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń sọ fún ọ, tí mo sì fi ẹ̀tọ́ bàbá sọ: bí wọn kò bá mú ọ, ilé ni kí o kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe nígbà tí ojú rẹ bá gbẹ, kì í ṣe nígbà tí o bá ti rí nǹkan mìíràn tí o lè fi hàn wá. Bí o bá ṣe wà ni kí o ṣe wá. Oúnjẹ á wà.

Èkejì, bí o bá kùnà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ wá ọ̀tá. Bàbá Ráímì ti dàgbà báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ṣùgbọ́n ó ti ń bi mí pé irú àwọn ènìyàn wo ni ìwọ ń bá gbé ní Mówè. Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ń lọ. Mo sọ fún un pé ènìyàn rere ni wọ́n, mo sì yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà fìdáù Lásísì, Ìyá Múnírù wá láti Akute. Kò wọlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níta, kò sẹ́ni tó fún un ní àga. Ìyá rẹ jáde láàárín àwọn olùbánikẹ́dùn, ó lọ jókòó tì í lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí àwọn ààfáà fi ṣe àdúà tán. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ẹnì kan ló di ọ̀nà rẹ, rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Òun ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin jù lọ tí mo gbọ́ nínú ilé yìí.

Ní ti pé o kánjú, mi ò bá wọn dá ọ lẹ́bi. Ìkánjú a máa wà lára ọ̀dọ́. Kí n tó gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni èmi náà ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ìtòrì, tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún onílé kan, pákó tútù ni mo fi ṣe é. Kí oṣù tó parí, ó ti ká kò bí ewé kókò tí oòrùn pa. Kò ṣeé tì, kò ṣeé ṣí. Onílé náà gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó fi í ti ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ láì bá mi jà. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí, ó ní kí n lọ gbá ṣọ́ọ̀bù. Ó tán. Mo gbá a, mo sì tún lo ọdún méjì sí i lábẹ́ rẹ̀. Lónìí, kò sí ẹni tó rántí ilẹ̀kùn yẹn, àfi èmi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí Ìbàdàn bá ní kò tíì yá, padà lọ kàwé, kí o tún kọ ìdánwò náà. Ẹni tó padà lọ gbá ṣọ́ọ̀bù kò kú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o ń dúró yìí, má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣeré. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé o máa ń ní kí àwọn ọmọ ka ABD léraléra kí ìwọ lè máa wo ojú ọ̀nà bóyá ẹni tó ń kó ìwé ń bọ̀. Èyí dùn mí. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò mọ Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọ́n yọ ọmọ kúrò lóko ìrẹsì nígbà tí ọwọ́ kò tó, wọ́n sì fà á lé ọ lọ́wọ́. Kọ́ wọn. Ìdúró a máa jẹ ènìyàn bí kòkòrò ṣe ń jẹ pákó, láti inú wá ni. Bí Lásísì bá gba iṣẹ́ oníṣòwò pákó yẹn, tí ó rí ohun tí yóò máa rẹ̀ ẹ́ kó fi sùn, mo máa ń rò ó pé ì bá rí bákan mìíràn. Mi ò mọ̀. Kádàrá ni ti Ọlọ́run.

Má sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń kí ọ ní Mówè níbẹ̀ bí ẹni tó ti lọ tó ti dé. Bí wọ́n bá kí ọ, sọ fún wọn pé o ṣì jẹ́ tíṣà wọn. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Nígbà tí àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Àwọn tó jẹ ẹran àgbò Bàbá Ráímì pọ̀. Mo lè ka àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìbàfò pẹ̀lú wa lórí ọwọ́ kan.

Bí wọ́n bá sì mú ọ, nítorí ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní pa ẹran títí o fi dé ibẹ̀ tí o rí ibùsùn rẹ. Má bínú sí mi. Kì í ṣe pé inú mi kò ní dùn. Má sì fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí wọn kò mú. Bí o bá mọ ọ̀kan nínú wọn, lọ kí i nílé. Má bi í léèrè ohunkóhun, bá a jẹun.

Ó kù díẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà rẹ. Ní àná, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó bi mí pé ibo ni wọ́n ń gbà dé Mówè báyìí. Mo ní wọ́n ṣì ń sọdá odò, wọ́n á sì gba Ìbàfò kọjá. Ó ní òun mọ̀. O mọ̀ pé kò tíì dé Ìbàfò láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ. Nígbà tí Bùráímọ̀ ń gbé ìyàwó pàápàá, kò lọ. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí èmi lọ bá ọ. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò dúró. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí mọ́. Mo fẹ́ ti wà níbẹ̀."

Òun ló gbé ìwé yìí wá fún ọ. Ó ní títí èsì yóò fi dé ni òun máa wà lọ́dọ̀ rẹ. Má bá a jiyàn, má sì ní kó tètè padà nítorí tèmi. Mo mọ ẹ̀bà tẹ̀. Ìyá rẹ kò lè jẹ ata púpọ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ dúró ní Ìbàfò lọ wo ojú oórì, bá a lọ, má jẹ́ kó dá nìkan lọ.

Nígbà tí ìwé Ìbàdàn bá dé, má ṣí i lójú ọ̀nà, má ṣí i ní ilé ẹ̀kọ́. Mú un wálé, kí o jókòó ti ìyá rẹ, kí o ṣí i níwájú rẹ̀. Kò gbọ́ òyìnbó. Sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, bó ti wù kó rí. Ó ní òun ti múra tán láti gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlèmọ́nù Àkànní.